Ẹni Tí Ẹnubodè Dá Dúró

   

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá lónìí, ó sì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjọba. Mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn kan tó ń sọ pé kí n fi òṣèlú sílẹ̀, kí n dúró lórí bọ́ọ̀lù. Ẹ má bínú. Ẹni tó bá ti jókòó wo bọ́ọ̀lù láàrin àwa Yorùbá ní Prince George's County (PG) yìí, ní Maryland ní Amẹ́ríkà, rí, ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè ya méjèèjì níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbá ní aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán ní England, aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ ni tiwa níbí. Ti aago mẹ́ta wọn, aago mẹ́wàá ni tiwa. Nítorí náà, àwọn tó ń pé jọ sí bésímẹ́ǹtì láti wo bọ́ọ̀lù ní PG kò jọ àwọn tó ń lọ sí ilé ìwòran ní Mọ́kọ́lá tàbí ní Muṣin. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ tí kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Awakọ̀ Uber wà níbẹ̀ tó pa fóònù iṣẹ́ rẹ̀ fún wákàtí méjì. Bàbá àgbà wà níbẹ̀ tí ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń dúró dè ní ọ̀sán. Tíì ni wọ́n ń mu, àkàrà tàbí búrẹ́dì ni wọ́n fi ń tì í. Kò sí ọtí ní aago méje òwúrọ̀, nítorí náà ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kòbákùngbé níbẹ̀, ojú rẹ̀ dá gaara ló fi sọ ọ́.

Ìjà kan wà tí wọ́n ti ń jà bọ̀ láti ọdún mélòó kan, òun ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Awakọ̀ Uber yẹn, Arsenal ló ń ṣe. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí Arsenal já a kulẹ̀ tí kò ní sọ pé Brexit ló fà á. Ó ní nígbà tí Britain wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ńṣe ni Arsène Wenger, olùkọ́ni Arsenal, kàn ń lọ ṣa àwọn ọmọdé tó mọ bọ́ọ̀lù ní Spain àti ní Faransé, ṣùgbọ́n àwọn tó dìbò pé kí wọ́n jáde ti ba ọjà jẹ́. Kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ á fi yí sí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Bó bá ti débẹ̀, ọkùnrin kan náà, lórí àga kan náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í yin Captain Ibrahim Traoré ti Burkina Faso: akọni ni, ó fi ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè ibẹ̀, sílẹ̀, ó jáde kúrò lábẹ́ àwọn òyìnbó. Àǹtí nọ́ọ̀sì, tó ń ṣe Chelsea, kì í jẹ́ kó mí.

“Bọ̀dá, ẹ dúró ná. Ẹni tó jáde ní Yúróòpù, òpè ni. Ẹni tó jáde ní ECOWAS, akọni ni. Èwo lẹ fẹ́ ká mú?”

“Àǹtí, wọn ò jọra. Yúróòpù ń ṣiṣẹ́. ECOWAS ò ṣiṣẹ́.”

“Arsenal ńkọ́? Ó ń ṣiṣẹ́?”

Gbogbo ilé á fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìbéèrè yẹn dáadáa. Ọdún 2004 ni Arsenal gba líìgì láìpàdánù ìdíje líìgì kan ṣoṣo ní gbogbo sáà náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ojú wọn rí tó: ipò kejì ní 2023, ipò kejì ní 2024, ipò kejì ní 2025. Kanu Nwankwo ló kó púpọ̀ nínú wa wọ ẹgbẹ́ náà, pàápàá láti ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 1999, nígbà tí Chelsea ti fi góòlù méjì ṣáájú ní Stamford Bridge, tí Kanu nìkan sì gbá mẹ́ta wọlé. Láti 2004 ni Kanu ti fi Arsenal sílẹ̀. Àwọn tó tìtorí rẹ̀ wọlé kò bá a jáde. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n kí wọ́n wá dìbò bóyá wọ́n fẹ́ dúró tàbí wọ́n fẹ́ lọ. Ọkùnrin tó lè fara da ogún ọdún ìjákulẹ̀ láti ọwọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí, kò ní sùúrù ìṣẹ́jú kan fún ECOWAS.

Àmọ́ awakọ̀ wa kò parọ́ lórí Brexit. Ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2016 ni àwọn ará Britain dìbò, ìdá 51.9 nínú ọgọ́rùn-ún ní kí wọ́n jáde, ìdá 48.1 ní kí wọ́n dúró. Ní Islington, àdúgbò tí pápá Arsenal wà, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn kò lọ síbì kankan. Ní Sunderland, níbi tí wọn kì í ti í fi bọ́ọ̀lù ṣeré, ìdá 61 ló ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n jáde ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2020, àmọ́ òfin àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ títí ọdún náà fi parí. Ọjọ́ kìíní ọdún 2021 ni àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tó mọ ohun tí ìbò náà ṣe sí wọn.

Kí ọjọ́ náà tó dé, ọmọ Spain, ọmọ Faransé tàbí ọmọ Potogí kan, tó bá ti ní pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ lọ́wọ́, bàálù ló kàn máa wọ̀ wá. Kò sẹ́ni tó máa bi í pé ìgbà mélòó lo gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ. Òfin FIFA sọ pé kí ẹgbẹ́ kankan má ṣe ra ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti ilẹ̀ òkèèrè, ṣùgbọ́n ó yọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù sílẹ̀ láàrin ara wọn: ọmọ ọdún 16 lè lọ. Ọ̀nà yẹn ni Cesc Fàbregas gbà kúrò ní Barcelona wá sí Arsenal ní ọdún 2003. Òun náà ni Paul Pogba gbà láti Le Havre lọ sí Manchester United ní 2009, tí Héctor Bellerín sì gbà wá sí Arsenal ní 2011. Ọ̀nà náà ti dí. Kódà ọmọ Dublin, tó jẹ́ pé òkun lásán ló wà láàrin òun àti Liverpool, gbọ́dọ̀ dúró sílé títí yóò fi pé ọdún 18.

Ẹni tó bá sì ti pé 18 ńkọ́? Máàkì 15 ló gbọ́dọ̀ kó jọ. Wọ́n á ka iye ìgbà tó gbá fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Wọ́n á ka iye ìṣẹ́jú tó lò lórí pápá fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n á wo bí líìgì tó ti ń bọ̀ ṣe lágbára tó, àti ibi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ dé nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá. Ní ọdún 2023 wọ́n dẹ okùn díẹ̀: ẹgbẹ́ kan lè mú ẹni mẹ́rin wọlé tí máàkì wọn kò pé. Ẹ̀yin tí ẹ ti kówèé jọ fún físà rí, tí ẹ ti wá lẹ́tà ilé ìwé, lẹ́tà báńkì, lẹ́tà ọ̀gá iṣẹ́, tí ẹ tún lọ ya fọ́tò lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé etí yín kan kò hàn, mi ò ní láti ṣàlàyé irú ìṣirò yìí fún yín.

Ibi tí mo ti yà kúrò lẹ́yìn awakọ̀ wa nìyí. Ó ń dárò ọ̀nà tí wọ́n dí mọ́ ọmọ Barcelona. Kò rántí ọmọ Ìlọrin.

Ìlọrin ni wọ́n bí Taiwo Awoniyi sí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, nígbà tó ti pé ọdún 18, Liverpool rà á láti ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù Imperial. Ẹ fọkàn sí ọdún yẹn: 2015. Britain ṣì wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù digbí. Kò sẹ́ni tó tíì dìbò. Gbogbo ọ̀nà tí awakọ̀ wa ń dárò ló wà ní ṣíṣí. Síbẹ̀, ọmọ yìí kò rí ìwé àṣẹ iṣẹ́ gbà. Ikọ̀ orílẹ̀-èdè ẹni ni òfin ìgbà náà ń wò ṣáájú. Bí orílẹ̀-èdè rẹ bá wà láàrin mẹ́wàá àkọ́kọ́ lágbàáyé, o gbọ́dọ̀ ti gbá ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìdíje rẹ̀; bó bá wà láàrin ipò 31 sí 50, ìdá 75 ni. Orílẹ̀-èdè tí kò lókìkí, ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún 18 láti Kwara, tí kò tíì wọ aṣọ Super Eagles rí, níbo ni yóò ti rí i?

Ohun tí wọ́n wá ṣe ni pé wọ́n ń yá a kiri. FSV Frankfurt ní Jámánì. NEC ní Netherlands. Mouscron ní Belgium. Gent ní Belgium. Wọ́n dá a padà sí Mouscron. Mainz ní Jámánì. Union Berlin. Ìgbà méje. Ọmọ Liverpool ni fún nǹkan bí ọdún mẹ́fà, kò sì gbá ìdíje kan ṣoṣo fún Liverpool. Ọdún 2021 ni ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde, ọdún tí òfin tuntun lẹ́yìn Brexit bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé mo ní Brexit ló fún un ní ìwé. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fún un. Ṣùgbọ́n òfin tuntun yìí ka àwọn ìṣẹ́jú tó ti gbá ní líìgì Jámánì fún un, èyí tí òfin àtijọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Nígbà tí wọ́n sì sọ ọmọ Spain di ẹni tó gbọ́dọ̀ kó máàkì jọ bíi tirẹ̀, orí ìlà kan náà ni wọ́n jọ tò sí nígbà àkọ́kọ́.

Ìwé dé tán, Liverpool tà á fún Union Berlin. Ní 2022 ni Nottingham Forest mú un wá sí England. Ẹ̀yin ọmọ Arsenal, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 2023, aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán níbí. Arsenal lọ bá Forest nílé. Wọn kò gbọ́dọ̀ pàdánù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ líìgì ti bọ́. Ní ìṣẹ́jú kọkàndínlógún, bọ́ọ̀lù kan ara Awoniyi, ó wọlé. Forest 1, Arsenal 0. Bó ṣe parí nìyẹn. Manchester City di ọ̀gá láìjẹ́ pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kankan lọ́jọ́ náà, Forest sì bọ́ lọ́wọ́ jíjábọ́ sí ìsọ̀rí kejì. Àwọn kan wà ní Lanham níbí tí wọn kò mọ̀ bóyá kí àwọn bú ọmọ Ìlọrin ni tàbí kí àwọn kí ìyá rẹ̀ kú oríire. Àǹtí nọ́ọ̀sì mọ èyí tí òun máa ṣe. Ó jó.

Nítorí náà, bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń yọ̀ pé àwọn kan jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè, tàbí tó ń sunkún pé wọ́n jáde, ìbéèrè mi kan náà ni: ta ni ẹnubodè ń dá dúró tẹ́lẹ̀, ta ló sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá dúró báyìí? Ní ti Yúróòpù, ìta la ti wà látilẹ̀ wá. Ní ti ECOWAS, inú ilé la wà. Awakọ̀ wa da méjèèjì pọ̀: ó ń bá àwọn tó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa kẹ́dùn, ó sì ń pàtẹ́wọ́ fún àwọn tó ń tú ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ilé ECOWAS yìí ṣe rí, ẹ wo agbábọ́ọ̀lù Emmanuel Sheyi Adebayor. Lomé ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1984, Yorùbá láti Nàìjíríà sì ni àwọn òbí rẹ̀. Ní Lagos ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé ECOWAS ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975. Ní 1979, ní Dakar, wọ́n fi kún un pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì kó lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Yorùbá ti ń rìn lọ sí Lomé, sí Abidjan, sí Niamey tipẹ́tipẹ́ kí ìwé náà tó wà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Èjìgbò bóyá wọ́n mọ Abidjan. Ohun tí ìwé náà ṣe ni pé ó sọ ìrìn wọn di ẹ̀tọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2006, Arsenal ra ọmọ tí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ bí láti Monaco, ní 2008 ó di ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù jù ní Áfíríkà, lábẹ́ àsíá Togo. Ní ti bó ṣe kúrò ní Arsenal lọ sí Manchester City ní 2009, tó sì sá láti òpin pápá kan dé èkejì nínú oṣù kẹsàn-án láti lọ yọ̀ níwájú àwọn tó ń ṣe Arsenal, a máa fi ìyẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn. Àwọn kan kò tíì dárí jì í.

Bàbá àgbà tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan mọ bó ṣe rí kí ìwé ECOWAS tó wà, àmọ́ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tamale ni wọ́n bí i sí, ní ìhà àríwá Ghana, níbi tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìlọrin ti kún ọjà nígbà kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú fi Ghana sílẹ̀ láàrin ọjọ́ 14. Ẹni tó ti lo ogún ọdún, tó kọ́lé, tó bímọ, tí kò tiẹ̀ mọ̀ pé ìwé kan wà tó yẹ kí òun ní, ọjọ́ 14. Wọ́n ta ọjà ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n gbé àwọn ọmọ sórí ọkọ̀, wọ́n forí lé ilé tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kò rí rí. Bàbá yìí wà lára àwọn ọmọ náà. Asante Kotoko ti Kumasi ni bàbá tirẹ̀ ń ṣe. Sáà tó tẹ̀ lé e gan-an, ife àwọn ọ̀gá Áfíríkà ti ọdún 1970, Kotoko ló gbà á. Ní Kinshasa ni wọ́n ti gbà á. Ó ní bàbá òun gbọ́ ọ lórí rédíò ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó fò sókè, ìyàwó rẹ̀ sì bi í pé ṣé kì í ṣe àwọn èèyàn yẹn ló lé wa ni. Èsì tó fọ̀ ni pé: “Wọ́n lé wa ní Ghana. Kò sẹ́ni tó lè lé Kotoko nínú mi.”

Kí a má sì ṣe bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shehu Shagari lé àwọn ará Ghana, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wọn. ECOWAS ti wà nígbà náà, ìwé Dakar ti wà. Ó gbà wọ́n láyè láti wọlé, kò gbà wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ń lé wọn.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ Captain Traoré àti àwọn tó bá a jáde ní ECOWAS. Mi ò ní bá awakọ̀ wa jiyàn pé ECOWAS ṣe dáadáa. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, àwọn ológun gbàjọba ní Niger. Ààrẹ Tinubu ṣẹ̀ṣẹ̀ di alága ECOWAS nínú oṣù náà ni. Láàrin ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n ti bodè pa, wọ́n dá bàálù dúró, wọ́n ti owó Niger mọ́ báńkì, wọ́n tún fi ogun halẹ̀ mọ́ wọn. Nàìjíríà gé iná mànàmáná tó ń lọ sí Niger, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ̀ wa ni èyí tó pọ̀ jù nínú iná wọn ti ń wá. Ọ̀gágun tó gbàjọba kò sùn nínú òkùnkùn. Ìyá tó ń ta omi dídì ní Niamey ló sùn nínú òkùnkùn. Ìwà tí ECOWAS hù yẹn burú, mo sì sọ ọ́ nígbà náà.

Ṣùgbọ́n kí ni jíjáde wá fún ìyá olómi dídì yẹn? Ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2024 ni Mali, Burkina Faso àti Niger kéde pé àwọn ti lọ, ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025 ni ECOWAS gbà pé wọ́n ti lọ lóòótọ́. Nínú oṣù kẹta ọdún yẹn, wọ́n fi owó bodè ìdajì náírà lórí ọgọ́rùn-ún náírà lé ọjà tó bá ti ìta orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Ó kéré, lóòótọ́. Ẹni tó bá ti kó ọjà kọjá bodè rí mọ̀ pé owó tí wọ́n kọ sílẹ̀ kọ́ ló ń pa oníṣòwò. Àwọn èyí tí wọn kò kọ sílẹ̀ ni. ECOWAS ti ká ìfìyàjẹ rẹ̀ kúrò lórí Niger láti oṣù kejì ọdún 2024, Nàìjíríà ṣí bodè tirẹ̀ ní oṣù kẹta. Niger kọ̀, kò ṣí ti Benin. Afárá tó wà lórí Odò Ọya láàrin Malanville àti Gaya dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò wó. Ọkọ̀ ojú omi kékeré ni àwọn èèyàn ń wọ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí.

Nígbà tí awakọ̀ wa tún sọ pé wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ Faransé, Àǹtí nọ́ọ̀sì bi í pé owó wo ni wọ́n ń ná ní Ouagadougou. CFA ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde ní ECOWAS, wọn kò jáde nínú ẹgbẹ́ olówó CFA. Àwọn àti Benin, Togo, Senegal, Côte d'Ivoire àti Guinea-Bissau ṣì jọ wà níbẹ̀. Awakọ̀ wa dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, èyí tí kì í ṣe àṣà rẹ̀.

Nípa kíkúrò, àwa ará PG náà ní tiwa níwájú. Pápá ńlá tó wà ní Landover, tí wọ́n ń pè ní Northwest Stadium báyìí, láti 1997 ló ti wà níbẹ̀. Àwọn onílé rẹ̀, ẹgbẹ́ Commanders, ti ń kẹ́rù: ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìgbìmọ̀ aṣòfin Washington fọwọ́ sí i pé kí wọ́n padà sí ilẹ̀ RFK, ọdún 2030 ni wọ́n sì ń wò. Bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ ni tiwọn, mo mọ̀. Àmọ́ pápá yẹn kan náà ni Arsenal ti gbá ọ̀mì méjì-méjì pẹ̀lú Real Madrid ní oṣù keje ọdún 2019, kí wọ́n tó pàdánù nínú pẹnáritì. Ibẹ̀ náà ni Super Falcons ti bá Brazil pàdé ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1999, nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn obìnrin. Kò sí ikọ̀ obìnrin Áfíríkà tó dé ìpele kọ́tà-fáínà ṣáájú wọn. Brazil ti gbá mẹ́ta wọlé kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Àwọn ọmọbìnrin wa padà dé láti ìsinmi, wọ́n dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà: Emeafu, Okosieme, Egbe. Ó gba bọ́ọ̀lù ìdádúró kan láti ẹsẹ̀ Sissi nínú àfikún àkókò kí Brazil tó rí wọn lé. Àwọn kan nínú yín tó ń gbọ́ mi wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ohùn yín kò sì jáde fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí Commanders bá lọ, àwọn ará Landover ṣì máa wọ aṣọ Commanders. Àwọn tí mò ń ro tiwọn ni àwọn tó ń darí ọkọ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí, àwọn tó ń ta oúnjẹ, àwọn tó ń gbá ilẹ̀ pápá lẹ́yìn ìdíje. Díẹ̀ kọ́ nínú wọn ló jẹ́ tiwa.

Ohun kan ló kù kí n tó ṣí fóònù. Àjọ bọ́ọ̀lù ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà wà, WAFU ni wọ́n ń pè é. Burkina Faso àti Niger jáde ní ECOWAS, wọn kò jáde ní WAFU. Ẹ̀ka B ni wọ́n wà, àwọn àti Nàìjíríà, Benin, Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire; Mali wà ní ẹ̀ka A. Àwọn ọmọ wọn ṣì ń bá àwọn ọmọ wa gbá bọ́ọ̀lù. Mo sọ èyí fún awakọ̀ wa. Kíá ló dá mi lóhùn:

“Ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀lù yàtọ̀.”

Mo ní kí ló fi yàtọ̀. Ó ní kí n jọ̀ọ́, rẹfirí ti fọn fèrè.

Ó dáa. Ẹ̀yin tí ẹ ní ará ní Malanville tàbí ní Gaya, tàbí tí ẹ̀gbọ́n yín ń kó àlùbọ́sà tàbí àgbò wá láti ọ̀nà ibẹ̀, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ má sọ ti Captain fún mi, ẹ má sì sọ ti Tinubu. Ẹ sọ iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èèyàn kí ẹrù tó kọjá, àti ẹni tó ń gbà á. Ẹni àkọ́kọ́ ti wà lórí ìlà láti Bowie. Ẹ máa wí, à ń gbọ́ yín.